Kí Ni Ariwo Náà Ń Tẹ̀lé? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Wa Ọ́tò Àlòkù ní Ilẹ̀ Okun

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá, ìyá olùkọ́ kan láti Ìyàrà wa Corolla rẹ̀ wá sí wọ́kṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà. Kò tíì bọ́ sílẹ̀ tó fi ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní gíà mi ti kú o. Wọ́n ní kí n lọ wá owó gíà àlòkù Bẹ́ljíọ̀mù." Níbi tó kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ti ń múra láti sọ gíà náà kalẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká jọ wà á jáde ná." Nígbà tí a dé 40, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tí a dé 60, ó ti ń ké wúùùù. Mo yí sítíárìn sí ọ̀tún díẹ̀, ariwo náà ga sí i. Mo yí i sí òsì, ó dákẹ́. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ni. Gíà kì í mọ ìgbà tí èèyàn yí sítíárìn. Béárìn táyà iwájú lápá òsì ló ti jẹ: bí ọkọ̀ bá yí sí ọ̀tún, ìwúwo rẹ̀ á bọ́ sí apá òsì, béárìn á sì figbe ta. Béárìn kan ṣoṣo la pààrọ̀, ìyá wa sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Òun ló jẹ́ kí n kọ èyí. Bí àwọn ará wa bá ti gbọ́ ariwo níwájú ọ́tò, ìyẹn ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, àyà wọn á já, gíà ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Owó gíà kì í sì í ṣe owó kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni gíà tí wọ́n bá sọ kalẹ̀ láìnídìí, ó ṣòro kó tó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ariwo kì í dá rìn. Ohun kan wà tó ń tẹ̀lé: ó lè jẹ́ eré ẹ́ńjìnì, ó lè jẹ́ yíyí táyà, ó lè jẹ́ ibi tí ẹ fi ọ̀pá gíà sí. Ẹ mọ ohun tó ń tẹ̀lé kí ẹ tó wá owó.

Bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ

Ẹ ṣe é láàárọ̀, kí ojú ọ̀nà tó kún. Ẹ pa rédíò, ẹ pa ẹ́ésì, ẹ sọ gíláàsì sílẹ̀, kí ẹ sì mú ẹnì kan tí etí rẹ̀ mú dání. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnì sì ti gbóná dáadáa.

Àkọ́kọ́, ẹ fi ọ̀pá gíà sí P (páàkì), kí ẹ rọra máa tẹ iná (pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré), kí ẹ́ńjìnì kúrò ní bíi 800 dé 2,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Bí ariwo tín-ín-rín kan bá ń ké híììì, tó ń gòkè bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀ bó ṣe ń sọ̀, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ló ń tẹ̀lé. Pọ́ǹpù kan wà nínú gíà tó ń bá ẹ́ńjìnì yí ní gbogbo ìgbà, ì báà jẹ́ P, ì báà jẹ́ N (ibi tí gíà kò ti mú). Bí ọ́ìlì gíà bá lọ sílẹ̀, tàbí bí fílítà rẹ̀ bá dí, atẹ́gùn ni pọ́ǹpù náà á máa fà mọ́ ọ́ìlì, igbe tó máa ń ké nìyẹn. Àmọ́ ẹ má tíì dá gíà lẹ́bi. Ọtanétọ̀, pọ́ǹpù sítíárìn àti pọ́ǹpù omi náà ń bá ẹ́ńjìnì yí. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ bẹ́líìtì wọn, kó sì tan ẹ́ńjìnì fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú péré. Bí igbe bá dá, àwọn tí bẹ́líìtì ń fà ló ń ké. Bí kò bá dá, ẹ padà sídìí gíà, géèjì ọ́ìlì sì ni ẹ ó kọ́kọ́ fà yọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ búrékì mọ́lẹ̀ gírígírí. Ẹ fi ọ̀pá sí R (ẹ̀yìn), ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ fi sí N. Ẹ fi sí D (iwájú), ẹ tún kà á. Gíà tí ara rẹ̀ yá á mú un wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ó kàn rí i pé ọkọ̀ fẹ́ máa lọ. Bó bá dún "gbàgà!" bí ìgbà tí wọ́n ju ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì yín ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Kó má ṣe dúró síwájú rẹ̀ láé. Kó wo ẹ́ńjìnì bí ẹ ṣe ń yí ọ̀pá padà. Bí ẹ́ńjìnì bá fò sókè bí ẹni fẹ́ dìde, sítì ẹ́ńjìnì tàbí sítì gíà ló ti ya. Rọ́bà àti irin ni sítì, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gíà. Ó tún lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ń sáré jù nígbà tó dúró. Ohun tó yẹ kó kó ìdààmú bá yín ni kí ẹ fi sí D, kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, kó tó wá gbá yín láti ẹ̀yìn. Ọ́ìlì rẹ̀ ti dín kù nìyẹn, tàbí agbára tó ń ti ọ́ìlì náà ti lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ gíà gan-an ni.

Ẹ tún fetí sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà ní D tí búrékì dì í mú. Ariwo kan wà tó máa ń kùn rọ̀ọ̀ọ̀ ní D àti ní R, tó máa ń lọ pátápátá bí ẹ bá fi sí N. Ọ̀dọ̀ tọ́ọ̀kì kọnfátà, ìkòkò irin tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnì fún gíà, ni kí ẹ wò. Ní N, gbogbo inú rẹ̀ ló jọ ń yí pa pọ̀. Bí ẹ bá fi sí D tí táyà kò lè yí, apá kan á máa yí, apá kejì á dúró, béárìn tó wà láàárín wọn ni ìyà á sì jẹ. Bó bá ti gbó, ìgbà yẹn ló máa sọ̀rọ̀.

Ìkan tún wà tó ti jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì tó dára. Ó máa ń dún kọ́kọ́kọ́ nísàlẹ̀, bí ẹni pé rọ́ọ̀dù ẹ́ńjìnì ti jẹ, ohùn rẹ̀ á sì yí padà bí ẹ bá ti yí ọ̀pá gíà padà. Àwo irin tó so ẹ́ńjìnì mọ́ kọnfátà ló máa ń sán, tàbí kí bóòtù rẹ̀ tú. Ẹ ní kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì.

Ó wá ku ojú ọ̀nà. Níbi tó tẹ́jú, tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ dé 60, kí ẹ fi sí N fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì má pa ẹ́ńjìnì. Bí ariwo náà bá ń bá a lọ bó ṣe wà, tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ ṣe ń rọlẹ̀ ni òun náà ń rọlẹ̀, táyà ló ń tẹ̀lé: béárìn, tàbí táyà tó jẹ lódìlódì, tàbí eyín tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì. Ẹ yí sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí mo ṣe ṣe fún ìyá Ìyàrà. Ẹ gbé táyà iwájú sẹ́yìn. Bí ariwo bá bá a lọ sẹ́yìn, ẹ ti rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí pápá tó ṣófo, ẹ yí sítíárìn dé òpin, kí ẹ máa lọ díẹ̀díẹ̀. Orí ṣáàfù tó ti gbẹ gíríìsì á dún kẹ́kẹ́kẹ́.

Bí ọkọ̀ bá sì ń gbọ̀n gìrìgìrì láàárín 60 sí 80 nígbà tí ẹ fẹsẹ̀ lé iná fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹ ń gun orí àwọn ìlà tí wọ́n fi ń jí awakọ̀, tó sì dáwọ́ dúró bí ẹ bá tẹ iná sí i, kíláàṣì inú kọnfátà ló ń yọ̀. Ọ́ìlì tó ti gbó ló sábà máa ń fà á. Mo ti rí èyí tó lọ pátápátá lẹ́yìn tí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ yẹ pílọ́ọ̀gì wò o, nítorí pílọ́ọ̀gì tó kú náà máa ń gbọn ọkọ̀ báyẹn.

Géèjì àti àwọ̀ ọ́ìlì

Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo géèjì gíà lè rò pé ọ́ìlì pé nígbà tí kò pé. Ti Toyota tó ní géèjì, ẹ́ńjìnì á wà ní títàn, á ti gbóná, ẹ ó tẹ búrékì, ẹ ó mú ọ̀pá gba gbogbo ojú rẹ̀ láti P dé L, ẹ ó dá a padà sí P, kí ẹ tó fà á yọ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ojú HOT ni kí ọ́ìlì dé. Ti Honda yàtọ̀: ẹ ó jẹ́ kó gbóná títí fáànù rédíétọ̀ á fi ṣiṣẹ́, ẹ ó pa ẹ́ńjìnì, ẹ ó sì wò ó láàárín 60 sí 90 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí ẹ pa á. Ẹni tó bá wo Honda bí wọ́n ṣe ń wo Toyota á ṣì í, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ́ìlì tí kò yẹ sí i. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù burú bíi ti èyí tó dín kù. Irin tó ń yí á lù ú di fóòmù, fóòmù kò sì lè ti ohunkóhun.

Ẹ kán ọ́ìlì náà sórí tíṣù funfun, kí ẹ gbé e sínú oòrùn. Ọ́ìlì tuntun ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pupa bíi sóbò, ó sì mọ́ débi pé ẹ lè rí tíṣù láti inú rẹ̀. Bó bá ti di àwọ̀ tíì, ó ti ṣiṣẹ́, ẹ múra àtipààrọ̀ rẹ̀. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí àkàrà tó jóná mọ́ ìkòkò, kíláàṣì inú gíà ti ń jó. Bó bá sì rí bíi sóbò tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹ má tan ọkọ̀ náà mọ́. Omi ti wọ inú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ́ìlì gíà máa ń gba inú rédíétọ̀ kọjá kó lè tutù. Bí páìpù inú rẹ̀ bá jẹ, omi àti ọ́ìlì á pàdé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ará wa pé kí wọ́n yé da omi odò tàbí omi kànga sínú rédíétọ̀. Ẹ ra kúláàǹtì, kó má bàa dípẹtà.

Ọkọ̀ mìíràn kò ní géèjì gíà rárá. Nóòtì kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n máa ń tú nígbà tí ọ́ìlì bá wà ní ìwọ̀n ooru kan pàtó. Ti ọ̀pọ̀ Toyota tó ń lo ọ́ìlì WS, láàárín 35 sí 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni, ẹ́ńjìnì á sì wà ní títàn. Ẹni tó ní skánà tó lè ka ooru gíà ni kí ẹ gbé irú èyí fún.

Ọ́ìlì wo?

Níbi yìí ni wọ́n ti ń pa gíà jù. Pupa tí ọ́ìlì pupa kò sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ Toyota ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ń lo T-IV, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ń lo WS. WS ṣàn ju T-IV lọ, wọn kì í da ọ̀kan mọ́ èkejì. Honda ń lo Z1 nígbà kan, DW-1 ló sì rọ́pò rẹ̀. Àwọn Nissan Altima tó jẹ́ ọ́tò láti 2007, bẹ́líìtì irin ni gíà wọn ń lò, ọ́ìlì tiwọn sì yàtọ̀ pátápátá: NS-2 tàbí NS-3, gẹ́gẹ́ bí ọdún ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní "Dexron náà ni gbogbo wọn ń mu," ẹ má jẹ́ kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ wo ara géèjì fúnra yín, wọ́n máa ń kọ orúkọ ọ́ìlì sí i lára, tàbí kí ẹ wo ìwé ọkọ̀. Ẹ ra èyí tí ìdérí rẹ̀ kò tíì já, kí ẹ sì máa wò ó bí wọ́n ṣe ń dà á.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Àwọn kan á ní gíà kì í pààrọ̀ ọ́ìlì láyé rẹ̀. Lórí àwọn òkè wa yìí, nínú ooru yìí, ẹ má gbà. 40,000 sí 50,000 kìlómítà ni mo fi sí tèmi àti ti àwọn oníbàárà mi.

Ẹ gbé ọkọ̀ sókè lórí nǹkan tó lágbára, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ọ́ìlì kó lọ́wọ́ọ́wọ́ọ́, kó má gbóná débi tó máa bó yín lára. Ẹ gbé ọpọ́n tó mọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú nóòtì ìsàlẹ̀. Ẹ rí i dájú pé nóòtì gíà ni, nítorí mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó tú ti gíà tó rò pé ti ẹ́ńjìnì ni, tó wá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lítà mẹ́ta sí mẹ́rin ló sábà máa ń jáde. Èyí tó kù, tó lè tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wà nínú kọnfátà àti àwọn páìpù. Ẹ da èyí tó jáde sínú ike tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Iye tó jáde ni iye tó máa wọlé.

Bí ẹ bá sọ sọ́ọ̀ǹpù (ọpọ́n irin abẹ́ gíà) kalẹ̀, ẹ ó rí òkúta mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ eérú tó lẹ̀ mọ́ wọn, tó kúnná bí àtíkè, kò burú, bí irin ṣe ń gbó díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Irin ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tó ń gún ọwọ́ ni kò dára. Ẹ wo ìsàlẹ̀ sọ́ọ̀ǹpù náà: òkúta ojú ọ̀nà máa ń lu ú wọlé, kó sì tẹ ẹnu fílítà mọ́lẹ̀, tí pọ́ǹpù kò fi ní rí ọ́ìlì fà. Ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì àti wáṣà tuntun sí i. Ẹ da ọ́ìlì, ẹ tan ọkọ̀, ẹ mú ọ̀pá gba gbogbo ojú rẹ̀, kí ẹ tún yẹ géèjì wò.

Ti ọkọ̀ àlòkù tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀ ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọ́ìlì tuntun ló pa gíà àwọn. Mo gbà pé ojú wọn ló rí i, àmọ́ gíà náà ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀: kíláàṣì rẹ̀ ti jẹ, ìdọ̀tí inú ọ́ìlì àtijọ́ ló ń bá a di nǹkan mú. Ohun tí èmi kì í ṣe ni kí n fi ẹ̀rọ fọ inú gíà bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ó lè ti ìdọ̀tí sínú àwọn ihò tín-ín-rín. Ẹ fa lítà mẹ́ta jáde, ẹ dá mẹ́ta padà, ẹ lọ máa wà á. Lẹ́yìn 500 kìlómítà, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ọ̀pọ̀ jù lọ ọ́ìlì inú rẹ̀ ti di tuntun. Bí kíláàṣì rẹ̀ bá ti jóná tẹ́lẹ̀, tó ti ń yọ̀ lójú ọ̀nà, ọ́ìlì kò ní jí i dìde.

Àwọn ọ̀nà wa

Ẹni tó ń gba Ìyámoyè lọ sí Òmùò, tàbí tó ń tẹ̀ lé tírélà sìmẹ́ǹtì láti Ọ̀bàjánà, mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ á máa rìn bí ìgbín lórí òkè, gíà á máa lọ sókè, á máa bọ̀ sílẹ̀, ooru á máa pọ̀ nínú ọ́ìlì. Ẹ tẹ bọ́tìnì O/D OFF (tí kì í jẹ́ kí gíà bọ́ sí èyí tó ga jù), tàbí kí ẹ fa ọ̀pá sí 3, kó dúró sójú kan. Bí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi sí 3 tàbí 2 kí ẹ́ńjìnì bá yín di ọkọ̀ mú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa máa ń fi sí N lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí epo má baà jó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Ọkọ̀ tó ń lo ẹ̀rọ ìtu-epo òde òní máa ń gé epo tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná nígbà tí gíà wà ní D. N ló máa ń mu epo kí ẹ́ńjìnì má baà kú. Búrékì nìkan ló sì kù tó di yín mú.

Bí ẹ bá páàkì lórí òkè, ẹ tẹ búrékì, ẹ fi sí N, ẹ fa hánbúrékì, ẹ gbẹ́sẹ̀ lórí búrékì kí ọkọ̀ sinmi lé hánbúrékì, kí ẹ tó fi sí P. Irin kékeré kan ni P fi ń dè gíà. Bí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ bá wà lórí irin yẹn, ẹ ó gbọ́ "kọ́!" nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́. Kí ọkọ̀ sì dúró pátápátá kí ẹ tó yí láti R sí D.

Bí ẹ bá fẹ́ rà

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á má ṣe tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí ọ̀pọ̀ àìsàn gíà máa ń hàn nígbà tí ó ṣì tutù. Ẹ dán an wò ní tútù, kí ẹ tún dán an wò lẹ́yìn wákàtí kan lójú ọ̀nà, torí èyí tó kù kì í hàn àfi tó bá gbóná. Ẹ tún rántí omi. Odò Ọya kún wọ Lọ́kọ́jà ní 2012, ó tún kún ní 2022, ọkọ̀ sì wà tó wà nínú omi yẹn. Gíà ní ihò èémí kan lókè. Bí omi bá bo ọkọ̀ dé ibẹ̀, á wọlé. Ẹ wo ìdí irin àga bóyá ó ti dípẹtà, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin kí ẹ wò bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ sì wo géèjì gíà bóyá mílíìkì wà níbẹ̀.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró

Bí irin bá ń lọ irin, bí ọkọ̀ kò bá rìn mọ́ ní D, bí òórùn jíjó bá gba inú ọkọ̀, tàbí bí ọ́ìlì pupa bá ń kán sílẹ̀ tó ń di adágún, ẹ pa á níbẹ̀. Iná "O/D OFF" tó ń ṣẹ́jú lára Toyota, tàbí "D" tó ń ṣẹ́jú lára Honda, ọ̀rọ̀ ni gíà ń sọ, skánà ló sì mọ èdè rẹ̀. Kóòdù P0700 kàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà gíà ní ẹjọ́ láti rò ni. Ẹ ní kí wọ́n wá èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bíi P0741 fún kíláàṣì kọnfátà tàbí P0715 fún sẹ́ńsọ̀. Mo ti rí gíà tí wọ́n fẹ́ tà fún onírin àlòkù nígbà tó jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ kan péré ló bàjẹ́.

Ẹ má sì fi okùn fa ọ́tò. Bí ẹ́ńjìnì bá ti kú, pọ́ǹpù gíà kò ṣiṣẹ́ mọ́, táyà á máa yí irin inú gíà ní gbígbẹ. Ẹ wá ọkọ̀ tó máa gbé táyà tó ń fa ọkọ̀ sókè, tàbí èyí tó máa gbé odindi rẹ̀.

Ìyá Ìyàrà tún wá lóṣù tó kọjá. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló mú dání, ó ti kọ kìlómítà ọjọ́ tí a pààrọ̀ béárìn sí i, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ ọ́ìlì tó rí lára géèjì fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ti gíà ni mo bá wá lónìí, kò tíì pariwo o." A fa lítà mẹ́ta jáde. Àwọ̀ tíì ni.